Fláàṣì àti Aṣọ Tí A Fi Ọwọ́ Hun: Ìdáhùn sí Lẹ́tà Àwọn Òǹkàwé

Òjò ti bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, àsìkò tí súwẹ́tà àti kádígàn máa ń tà sì ti dé. Bóyá ìdí nìyẹn tí lẹ́tà àwọn tó ń hun aṣọ fi pọ̀ lórí tábìlì wa lóṣù yìí. Àwọn kan ń hun, àwọn kan ń bá ahunṣọ ya àwòrán ọjà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ fláàṣì ni gbogbo wọn ń bi wá léèrè. Mo ti yan díẹ̀ nínú àwọn lẹ́tà náà, mo sì ti gé àwọn tó gùn kúrú.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń hun súwẹ́tà ọmọ ọwọ́, fìlà àti ìbora nílé wa ní Ìtìrẹ́, ní Sùúrùlérè, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo sì ti ń tà wọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fún mi ní kámẹ́rà kan tó ní fláàṣì kékeré tó máa ń yọ jáde lórí rẹ̀. Nígbàkígbà tí mo bá fi ya súwẹ́tà funfun, gbogbo ojú ìhun rẹ̀ a pòórá, aṣọ náà a rí pẹlẹbẹ, òjìji dúdú kan a sì lẹ̀ mọ́ ògiri lẹ́yìn rẹ̀. Oníbàárà kan tiẹ̀ bi mí bóyá ẹ̀rọ ni mo fi hun ún. Mo ti lọ ra fláàṣì ńlá tó ń yí orí ní Computer Village ní Ìkẹjà, àmọ́ mi ò mọ bí màá ṣe lò ó.
Ìyá Ìbejì, Ìtìrẹ́

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ ọwọ́, Ẹlẹ́dàá yóò bù sí i. Ìbéèrè oníbàárà yẹn kò dùn mọ́ mi nínú rárá, nítorí ẹni tó bá jókòó ti ìbora ọmọ kan láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ kò yẹ kó tún máa ṣàlàyé pé ọwọ́ òun ni òun fi ṣe é. Ẹ̀bi náà kò sí lára iṣẹ́ yín. Ibi tí fláàṣì yẹn wà lórí kámẹ́rà ló fà á, ó sì yẹ kí ẹ mọ ìdí rẹ̀ dáadáa, torí ẹni tó bá mọ ìdí rẹ̀ kò ní máa há ìwọ̀n tí ẹlòmíràn ń lò sórí.

Ẹ mú súwẹ́tà kan lọ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, kí ẹ wò ó nítòsí. Ẹ óò rí i pé ojú ìhun kọ̀ọ̀kan yọrí díẹ̀, àti pé ààlà tó wà láàárín òun àti èkejì rẹ̀ jìn sínú. Òjìji tín-ín-rín tó wà nínú ààlà yẹn ló ń jẹ́ kí a rí bí òwú kan ṣe gba abẹ́ òwú kejì kọjá. Ẹ wá kọ ẹ̀yìn sí fèrèsé, kí ẹ na aṣọ náà síwájú yín kí ìmọ́lẹ̀ bá a lójú tààrà: òjìji yẹn á dín kù, ojú ìhun á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rá. Ohun tí fláàṣì orí kámẹ́rà ń ṣe nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tirẹ̀ le ju ti fèrèsé lọ. Ó wà lókè lẹ́ńsì gan-an, ọ̀nà tí lẹ́ńsì ń gbà wo aṣọ ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń gbà lọ, nítorí náà gbogbo òjìji tí òwú bá jù, ẹ̀yìn òwú ló ń bọ́ sí, níbi tí lẹ́ńsì kò ti lè rí i. Ohun tí lẹ́ńsì kò bá sì rí, oníbàárà yín kò lè rí i láéláé. Ní ti òjìji dúdú ara ògiri, fláàṣì tó kéré àti aṣọ tó súnmọ́ ògiri jù ló ń fa ìyẹn. Bí ẹ bá gbé aṣọ kúrò lára ògiri tó mítà kan àbọ̀, ẹ ti yanjú èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Fláàṣì tuntun tí ẹ rà ni yóò gbà yín. Ẹ kọ́kọ́ lò ó lórí kámẹ́rà bó ṣe wà, ṣùgbọ́n ẹ yí orí rẹ̀ sí ògiri funfun tó wà ní ẹ̀gbẹ́ yín, kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lọ kọlu ògiri kó tó padà wá bá aṣọ. Ògiri yẹn á di orísun ìmọ́lẹ̀ ńlá tó ń ti ẹ̀gbẹ́ bọ̀. Ẹ ti rí àwọn ayàwòrán lóde ìnáwó tí wọ́n ń yí orí fláàṣì tiwọn sókè sí àjà ilé. Ìyẹn dára fún ojú èèyàn, ó sì dára fún aṣọ tí ẹnì kan wọ̀ tàbí tí ẹ fi kọ́. Àmọ́ ẹ kíyè sí èyí o, nítorí ọ̀pọ̀ ni kì í fura sí i: bí ẹ bá tẹ́ súwẹ́tà sórí bẹ́ẹ̀dì, tí ẹ wá dúró lé e lórí láti yà á, ìmọ́lẹ̀ tó bá ti àjà wá yóò máa bọ́ lé aṣọ náà tààrà láti òkè, ní apá kan náà tí lẹ́ńsì wà, ojú ìhun á sì tún rá bíi ti tẹ́lẹ̀. Aṣọ tí ẹ bá tẹ́ sílẹ̀, ògiri ẹ̀gbẹ́ ni kí ẹ lò fún un.

Àwọ̀ ògiri náà ń ran aṣọ. Ọ̀pọ̀ yàrá wa ni a kùn ní àwọ̀ ewé tàbí àwọ̀ ìyeyè fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, ìmọ́lẹ̀ tó bá sì kọlu irú ògiri bẹ́ẹ̀ á gbé àwọ̀ rẹ̀ wá sára òwú, tí súwẹ́tà funfun ọmọ tuntun á fi dà bí èyí tó ti pẹ́ nínú àpótí. Páálí funfun ńlá kan, irú èyí tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń ya nǹkan sí, ti tó láti yanjú rẹ̀. Ẹ gbé e ti àga ní ẹ̀gbẹ́, kí ẹ kọ orí fláàṣì sí i.

Ní ti bí ẹ ó ṣe to kámẹ́rà, ẹ fi sí M, níbi tí ẹ ti ń fi ọwọ́ yan gbogbo ìwọ̀n fúnra yín, kí ẹ gbé ISO (bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sára tó) sí 200, ihò lẹ́ńsì tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé sí f/8, ìyára (bó ṣe ń pẹ́ tó kí kámẹ́rà tó pa ojú dé) sí 1/125 ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ pa fláàṣì, kí ẹ ya àwòrán kan. Ó yẹ kí àwòrán náà ṣókùnkùn, èyí tó túmọ̀ sí pé gílóòbù yàrá kò ní dá sí ọ̀rọ̀ náà. Ẹ wá tan fláàṣì, kí ẹ fi agbára rẹ̀ sí 1/4, kí ẹ tún yà. Bó bá mọ́lẹ̀ jù, ẹ bọ́ sí 1/8. Bí kò bá mọ́lẹ̀ tó, ẹ gòkè sí 1/2. Ìyípadà kọ̀ọ̀kan ń sọ ìmọ́lẹ̀ di ìlọ́po méjì tàbí ìdajì. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ máa ń fẹ́ yí ìyára kámẹ́rà padà kí àwòrán lè mọ́lẹ̀ sí i, àmọ́ ìyára kò kan agbára fláàṣì rárá. Ìtànṣán fláàṣì kì í sábà pẹ́ tó 1/1000 ìṣẹ́jú àáyá ní agbára kékeré, ó ti tàn ó sì ti kú kí kámẹ́rà tó pa ojú dé. Ihò lẹ́ńsì, ISO, agbára fláàṣì àti bó ṣe jìnnà sí aṣọ ni ẹ lè fi ṣàkóso rẹ̀. Jíjìnnà yẹn sì lágbára ju bí èèyàn ṣe rò lọ: bí ẹ bá sún fláàṣì láti mítà 1 sí mítà 2, ìdá kan nínú mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ àkọ́kọ́ ló kù tó ń dé ara aṣọ, kì í ṣe ìdajì.

Nígbà tí ọwọ́ yín bá ti mọ́ ọn, ẹ gbé fláàṣì kúrò lórí kámẹ́rà pátápátá. Ẹ̀rọ rédíò kékeré kan lórí kámẹ́rà ló máa ń pàṣẹ fún un láti tàn. Àwọn fláàṣì ìwòyí mìíràn ti ní agbàṣẹ nínú, àwọn mìíràn sì fẹ́ kí a ra agbàṣẹ mọ́ ẹ̀rọ orí kámẹ́rà. Ìgbà yìí ni ẹ óò tó rí ohun tí ìmọ́lẹ̀ lè ṣe fún ìhun. Ìhun tó bá yọrí púpọ̀, irú èyí tí òwú rẹ̀ lọ́ mọ́ra bí irun dídì, kò fẹ́ kí fláàṣì wà ní ẹ̀gbẹ́ pátápátá. Bí ẹ bá gbé e sí àárín iwájú àti ẹ̀gbẹ́, ní nǹkan bí dígírì 45, òjìji rẹ̀ ti tó. Ìhun tó tẹ́ pẹrẹsẹ, tí òkè àti kòtò rẹ̀ kò pọ̀, òun ló fẹ́ kí ẹ sọ fláàṣì kalẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ gan-an, kí ìmọ́lẹ̀ máa ra orí aṣọ kọjá. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣe é ní òdì kejì, tí òjìji fi ń gbé ìdajì iṣẹ́ ọwọ́ wọn mì. Ẹ fi páálí funfun kan sí apá kejì aṣọ kó dá ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ padà sínú òjìji náà. Bí fláàṣì ìhòòhò bá le jù, ẹ ta aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ síwájú rẹ̀, tàbí kí ẹ lo agbòòrùn funfun tí àwọn ayàwòrán ń lò, àmọ́ ẹ má ṣe jẹ́ kó rọ̀ jù, torí ìmọ́lẹ̀ tó bá ti gbogbo ọ̀nà yí aṣọ ká á tún pa ojú ìhun rẹ́.

Ohun kan ṣì kù, Ìyá Ìbejì. Ìmọ́lẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kì í bo àṣírí. Ìdọ̀tí kékeré, irun òwú tó ta jáde, ìdí òwú tí a kò tíì fi abẹ́rẹ́ wọ̀ sínú, gbogbo rẹ̀ ni yóò hàn kedere. Ẹ jẹ́ kí ooru omi gbígbóná fẹ́ sí aṣọ náà kó nà dáadáa, kí ẹ yọ gbogbo ìdọ̀tí ara rẹ̀, kí ẹ tó gbé e síwájú lẹ́ńsì.

ÌBÉÈRÈ: Ayàwòrán ni mí ní Yábà, ahunṣọ mẹ́ta ni mo ń bá ṣiṣẹ́. Nígbà tí mo bá fi fláàṣì sí TTL, súwẹ́tà dúdú máa ń jáde ní àwọ̀ eérú, funfun náà a sì jáde ní àwọ̀ eérú. Lẹ́yìn ìyẹn, nígbà tí mo gbé ìyára sí 1/500, ọ̀pá dúdú kan bo ìsàlẹ̀ gbogbo àwòrán mi. Ṣé fláàṣì mi ti bàjẹ́ ni?
Ọ̀dọ́ ayàwòrán, Yábà

ÌDÁHÙN: Fláàṣì rẹ kò bàjẹ́, àbúrò mi. TTL ni pé kámẹ́rà fúnra rẹ̀ ló ń wọn iye ìmọ́lẹ̀ tí fláàṣì yóò tàn, kò sì mọ̀ bóyá aṣọ dúdú tàbí funfun ló wà níwájú rẹ̀. Àwọ̀ àárín, tí kò dúdú tí kò sì funfun, ló ń fẹ́ sọ ohun gbogbo dà. Bí aṣọ dúdú bá gba gbogbo ojú àwòrán, yóò fi ìmọ́lẹ̀ kún un títí tí yóò fi di eérú. Bó bá sì jẹ́ funfun, yóò dín in kù títí tí òun náà yóò fi di eérú. Wá ibi tí a ti ń fi kún tàbí dín agbára fláàṣì kù nínú TTL, kí o fi +1 fún funfun àti -1 fún dúdú, lẹ́yìn náà kí o wo àwòrán kí o tún un ṣe. Ṣùgbọ́n fún iṣẹ́ bíi tìrẹ, tí o ń ya ogún aṣọ ní ibi kan náà lọ́jọ́ kan, èmi á ní kí o pa TTL tì. Fi agbára fláàṣì sí ibì kan, má ṣe yí ibi tó wà padà, gbogbo àwòrán rẹ á sì bára mu. TTL wúlò fún ẹni tó ń sá tẹ̀lé ọmọdé nílé ìkómọ. Súwẹ́tà tó wà lórí tábìlì kò lọ síbì kankan.

Ní ti ọ̀pá dúdú, aṣọ ìkélé méjì ló wà nínú kámẹ́rà rẹ, ọ̀kan ń ṣí, ọ̀kan ń tẹ̀lé e tì. Bí ìyára bá ti kọjá 1/200 tàbí 1/250, gẹ́gẹ́ bí kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan bá ṣe rí, èkejì á ti bẹ̀rẹ̀ sí í tì kí èkínní tó ṣí tán. Ìgbà tí fláàṣì bá tàn, ibi tí ìkélé kejì ti bò kò ní rí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀. Padà sí 1/160, kò tún ní sí ọ̀pá kankan. Má bẹ̀rù pé ọwọ́ rẹ á gbọ̀n, nítorí nínú yàrá tó ṣókùnkùn, ìtànṣán fláàṣì ló ń ya àwòrán náà, kò sì pẹ́ tó kí ọwọ́ gbọ̀n. Kódà bí fáànù bá ń fẹ́ irun òwú mohair, tí a fi irun ewúrẹ́ ṣe, fláàṣì tó wà ní agbára kékeré á dá a dúró gbọingbọin. Ẹ̀rọ amọ́lẹ̀ tí iná mànàmáná inú rẹ̀ ń tàn tó sì ń kú kíákíá bẹ́ẹ̀ ni onímọ̀ ẹ̀rọ Harold Edgerton fi sọ orúkọ di ńlá ní ilé ẹ̀kọ́ MIT ní Amẹ́ríkà láti nǹkan bí ọdún 1931, ìmọ̀ yẹn náà sì ni ò ń lò ní Yábà lónìí.

Lo bátìrì tí a ń ṣáàjì, irú ti NiMH. Ó ń jẹ́ kí fláàṣì tètè gba agbára padà, bí wọ́n bá sì múná lọ, iṣẹ́ rẹ kò ní dúró. Nínú ooru Èkó yìí, má ṣe tàn án ní agbára kíkún léraléra láìsinmi, nítorí orí rẹ̀ lè gbóná débi tí yóò fi bàjẹ́.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀ọ́, mo ń ta òwú wúlù àti kádígàn kroṣé ní ìtòsí Ìdúmọ̀tà. Oníbàárà kan rí kádígàn àwọ̀ wáìnì lórí fóònù rẹ̀, ó sanwó, nígbà tó dé ọwọ́ rẹ̀ ó ní pupa lásán ni òun rí nínú àwòrán. Ó dá a padà, owó ọkọ̀ sì bọ́ sí mi lọ́rùn. Fláàṣì la fi yà á, gílóòbù ṣọ́ọ̀bù sì wà ní títàn.
Alágbà oníwúlù, Erékùṣù Èkó

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Alágbà. Ọ̀rọ̀ gílóòbù tí ẹ fi parí lẹ́tà yín yẹn gan-an ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ fláàṣì fara jọ ti ọ̀sán gangan, nǹkan bí 5500 K (K ni Kelvin, ìwọ̀n tí a fi ń mọ àwọ̀ ìmọ́lẹ̀). Gílóòbù tó ń pọ́n wà ní nǹkan bí 2700 sí 3000 K. Bí àwọn méjèèjì bá jọ bọ́ sára aṣọ kan náà, apá kan á gba ti èyí, apá kan á gba ti ìyẹn, kò sì sí àtúnṣe kan ṣoṣo tó lè tẹ́ méjèèjì lọ́rùn. Ẹ pa gílóòbù, ẹ fa aṣọ ojú fèrèsé, kí fláàṣì nìkan ṣiṣẹ́, kí ẹ sì fi ìwọ̀n àwọ̀ kámẹ́rà (white balance) sí àmì fláàṣì dípò kí ẹ jẹ́ kó máa yàn fúnra rẹ̀. Ẹ wá ra káàdì eérú tí àwọn ayàwòrán ń lò, kí ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ nínú àwòrán àkọ́kọ́, kí ẹ lè fi tún àwọ̀ ìyókù ṣe lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ má fi bébà ìtẹ̀wé rọ́pò rẹ̀: wọ́n máa ń fi èròjà kan tó ń tàn búlúù sínú bébà kó lè funfun sí i. Irú èròjà bẹ́ẹ̀ wà nínú ọ̀pọ̀ ọṣẹ ìfọṣọ àti lára òwú funfun mìíràn, ìdí nìyí tí òwú funfun fi máa ń ní búlúù díẹ̀ lábẹ́ fláàṣì.

Àwọ̀ wáìnì àti pupa ní wàhálà tiwọn. Bí ìmọ́lẹ̀ bá pọ̀ díẹ̀ jù, pupa ló máa ń kọ́kọ́ kún àkúnwọ́sílẹ̀ nínú kámẹ́rà, ojú ìhun á sì di pupa kan ṣoṣo tí kò ní ìyàtọ̀ nínú. Ẹ dín agbára fláàṣì kù díẹ̀ fún àwọ̀ wọ̀nyí. Mo sì bẹ̀ yín, ẹ kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán pé àwọ̀ wáìnì ni, nítorí ojú fóònù oníbàárà kọ̀ọ̀kan ń fi àwọ̀ hàn bó ṣe wù ú, kò sì sí fláàṣì tó lè tún ìyẹn ṣe fún yín.

ÌBÉÈRÈ: Mi ò ní kámẹ́rà, fóònù ni mo ní. Ṣé mo lè máa lo fláàṣì rẹ̀ fún fìlà kroṣé tí mò ń ṣe?
Akẹ́kọ̀ọ́, Bàríga

ÌDÁHÙN: Má lò ó. Gílóòbù LED kékeré ló wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ fóònù, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́ńsì, kò sì ṣeé yí síbì kankan, nítorí náà gbogbo ohun tí mo sọ fún Ìyá Ìbejì lókè nípa ojú ìhun tó ń rá ló máa ṣẹlẹ̀ sí fìlà rẹ. Lo ẹ̀gbẹ́ fèrèsé láàárọ̀, kí o fi páálí funfun sí apá kejì. Bí o bá fẹ́ ṣiṣẹ́ lálẹ́, jẹ́ kí ọ̀rẹ́ rẹ kan di fóònù tirẹ̀ mú ní ẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ní títàn, kí ìwọ fi tìrẹ ya àwòrán. Fi aṣọ funfun tẹ́ẹ́rẹ́ bo ojú tọ́ọ̀ṣì náà, kí o sì gbé fóònù tìrẹ lé orí nǹkan tí kò ní mì, nítorí ìmọ́lẹ̀ náà kò lágbára bíi ti fláàṣì gidi. Fìlà kroṣé tó ní ihò, tẹ́ ẹ sórí aṣọ dúdú kí ihò rẹ̀ lè yọ.

ÌBÉÈRÈ: Bàbá mi ya àwòrán ní Ẹ̀búté Mẹ́ta nígbà ayé wọn, mo sì rí fláàṣì wọn àtijọ́ nínú àpótí. Ìyàwó mi ń hun aṣọ. Ṣé mo lè fi sórí kámẹ́rà tuntun wa?
Ọmọ ayàwòrán, Ẹ̀búté Mẹ́ta

ÌDÁHÙN: Ẹ má ì fi sórí rẹ̀ o. Àwọn fláàṣì àtijọ́ mìíràn ń rán iná tó ju 200 fóltì lọ sí ẹsẹ̀ tí wọ́n fi ń so mọ́ kámẹ́rà, èyí tó lè sun ẹ̀rọ kámẹ́rà ìgbàlódé tí kò ní agbára láti gbà á. Ẹ gbé e lọ bá ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kó fi míítà wọ̀n ọ́n. Bí iná rẹ̀ bá pọ̀ jù, ẹ̀rọ rédíò tí a ṣe láti gba irú iná bẹ́ẹ̀ lè máa tàn án láti òkèèrè láìjẹ́ pé ó kan kámẹ́rà, ìyàwó yín á sì rí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀gbẹ́ lò fún aṣọ rẹ̀ láìná owó púpọ̀. Ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe ni pé kí ẹ tú u fúnra yín. Kàpásítọ̀ inú rẹ̀ lè gbé iná bíi 300 fóltì pamọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa á, ó sì lè gbé èèyàn ṣubú. Bí bátìrì bá ṣì wà nínú rẹ̀ láti ìgbà náà, ẹ yọ ọ́ lónìí, torí ó ṣeé ṣe kó ti jò.